Àgbà Òṣèré Tí Kò Fẹ́ Fẹ̀yìntì

Bí Sankranti, ọdún ìkórè, bá ti ń sún mọ́lé ní ìlú Bhimavaram ní Íńdíà, oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn lẹ́nu Kondalarao mọ́. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ kò yá, kì í sì í ṣe pé edé inú adágún rẹ̀ ń kú. Pátákó kan ló ń fà á. Lọ́dọọdún, nígbà tí òtútù oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá mú, wọ́n á gbé pátákó gàgàrà dúró síwájú ilé sinimá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ọjà. Àwòrán Bhupati, àgbà òṣèré, á ga ju igi àgbọn lọ, àdá lọ́wọ́ ọ̀tún, irun dúdú bí ìdí ìkòkò lórí ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa. Nísàlẹ̀ bàtà Bhupati, nínú òbìrí kékeré kan, àwòrán Dharmaraju á wà níbẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló bí òṣèré náà.

Àna Kondalarao ni Dharmaraju yìí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó di àna ni wọ́n ti ń bá ara wọn jà. Ní ìgbà èwe wọn, Dharmaraju ni olórí ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn Bhupati, Kondalarao sì ni olórí àwọn ti Madhukar. Bí fíìmù àwọn òṣèré méjèèjì bá jáde lásìkò kan náà, ìlú kì í gbà wọ́n. Wọ́n ti fi ìgbẹ́ màlúù lẹ pátákó ara wọn rí. Igi àsíá tí Dharmaraju fi gún Kondalarao nígbọ̀nwọ́ lọ́jọ́ kan, àpá rẹ̀ ò parẹ́ dòní. Àṣé Ọlọ́run ń wò wọ́n ni. Mahalakshmi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Kondalarao bí, lọ sí ilé ìwé gíga, ọmọ Dharmaraju ló sì rí fẹ́. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó náà ni "ìwọ" ti di "ẹ̀yin" láàárín àwọn bàbá méjèèjì, tí wọ́n sì ń ki ara wọn bí ìjòyè.

Ká ní Madhukar ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni, gbogbo rẹ̀ ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí Madhukar ti ní orúnkún ń dun òun, tó kó ẹrù, tó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Kò dágbére fẹ́nì kankan. Ẹnì kan fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan: ó wọ ẹ̀wù òtútù, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù nínú ilé ìtajà, orí rẹ̀ ti pá. Kondalarao wo àwòrán yẹn títí ojú fi ro ó. Láti ìgbà náà, bí ariwo Bhupati bá ti sọ nílùú, ó máa ń dà bí opó tó ń gbọ́ ẹ̀rín ọkọ ọlọ́kọ láti ẹ̀yìn ògiri.

Lọ́dún tí à ń sọ yìí, Mahalakshmi àti ọkọ rẹ̀ ti wá ṣọdún nílé Kondalarao. Ọdún ku ọ̀la ni Dharmaraju wọlé, ìró funfun rẹ̀ ń dán, tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àna mi, gbogbo ilé ni mo mú un wá fún. Lókè ni ẹ̀yin ó jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Orúnkún ń dùn mí, àna mi," Kondalarao dáhùn.

"Orúnkún kẹ̀? Bhupati jù yín lọ, ó sì fò láti orí ọkọ̀ ojú irin nínú èyí."

"Okùn ló gbé e fò."

Dharmaraju rẹ́rìn-ín, kò bínú. "Ó kúkú dáa tí okùn rí i gbé. Ti àwọn kan, okùn ń wá wọn káàkiri, kò rí wọn."

Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, Ratnamma, ìyàwó Kondalarao, tú ẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn ló dun ọkọ rẹ̀ jù. Nígbà tí àlejò lọ tán, obìnrin náà tún fi iyọ̀ sí egbò. Ó ní, "Ara bàbá ọkọ Lakshmi mà ń yọ̀ o. Ó dà bí ẹni pé fíìmù yẹn ń bá a dín ọjọ́ orí kù." Kondalarao lọ wo ara rẹ̀ nínú dígí ilé ìwẹ̀, ó sì jáde kíá.

Lọ́jọ́ kìíní ọdún, gbogbo ilé lọ wo fíìmù náà láàárọ̀. Kondalarao ní òun fẹ́ lọ wo omi adágún òun. Àmọ́ kọ̀rọ̀ tí yóò yà sọ́nà adágún kọ́ ló yà sí. Ó bá ara rẹ̀ ní ìsọ̀ oní-tíì tó kọjú sí ilé sinimá, ó gba tíì kan, ó fi aṣọ ìborùn rẹ̀ bo etí bí ẹni tí òtútù ń mú, ó sì ń dúró de àwọn èèyàn tí yóò jáde.

Wọ́n jáde gìrọ́gìrọ́, bébà gígé wẹ́wẹ́ kún irun wọn. Ọmọbìnrin kan dúró sẹ́nu géètì pẹ̀lú máìkì, ẹnì kan ń bá a fi fóònù ya fídíò, ó ń bi àwọn èèyàn ní ohun tí wọ́n rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wọ ṣòkòtò funfun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìdajì àkọ́kọ́ dáa. Ìdajì kejì, mo sùn. Ìjà pọ̀ jù, ìtàn ò sí níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Kondalarao lára bí omi wàrà tútù lọ́sàn-án gangan.

Ọkùnrin kan tó ń bá wọn ru yìnyín ẹja ti akẹ́kọ̀ọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ta ló rán ọ níṣẹ́ ìtàn? Ìyá ẹ ò pa àlọ́ fún ẹ nílé ni? Nígbà tó jáde láàárín iná yẹn, mo súfèé títí ètè mi fi bó. Ẹ wò ó."

Obìnrin kan tó fi òdòdó sírun ní, "Kí wọ́n yéé mú ọmọdébìnrin jó fún un jàre. Ìyá tí wọ́n sì fún un nínú fíìmù yẹn, mo rò pé ọmọ ọ̀hún gbọ́dọ̀ ti bí ìyá." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń fọ ẹsẹ̀ ìyá náà, mo sunkún. Mi ò ní parọ́."

Bí adìẹ ṣe ń ṣa àgbàdo láàárín òkúta ni Kondalarao ń ṣa ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tó bu ẹnu àtẹ́ lu fíìmù náà ló ń gbé mì. Ti àwọn tó yìn ín, ó ń fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn. Ì bá sì parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe pé Dharmaraju fúnra rẹ̀ yọ lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ti fi òdòdó aláwọ̀ ọsàn kọ́ ọ lọ́rùn. Ọ̀dọ́ méjì gbé e lọ́wọ́, àwọn àgbàlagbà ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń kí i kú oríire. Kí ni oríire rẹ̀ níbẹ̀? Ṣé òun ló ṣe fíìmù? Kí Kondalarao tó mọ̀, ó ti sọdá títì, ó ti dúró síwájú máìkì.

"Bàbá, báwo ni fíìmù náà ṣe rí?" ọmọbìnrin náà bi í.

Ẹyin lohùn. Ọkùnrin náà ì bá ní òun kò tíì wọlé. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ya ẹnu.

"Ibi tí wọ́n ti ń fi okùn gbé àgbàlagbà kiri yẹn lẹ̀ ń pè ní fíìmù? Ọkùnrin náà ò lè gbẹ́sẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ló ń jà fún un, ẹlòmíràn ló ń sáré fún un. Èémí nìkan ló kù tó ń mí fúnra rẹ̀, èyí náà ò sì dá mi lójú. Ẹ̀yin ẹbí rẹ̀, ẹ ṣàánú ẹ. Ẹ fún un ní àga, ẹ jẹ́ ó jókòó."

Àwọn tó dúró yíká bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn lẹ́nu Kondalarao bí oyin. Ó rìn padà sílé, kò rántí pé orúnkún ń dun òun.

Kí oòrùn tó wọ̀, fídíò náà ti dé gbogbo fóònù ìlú. Onígbàjámọ̀ pè é bó ti ń kọjá, ó ní, "Bàbá Ẹ-Fún-Un-Lága, ẹ wọlé, ẹ gba àga." Àwọn tó ń ta ẹja náà pè é bẹ́ẹ̀. Kondalarao ń rẹ́rìn-ín sí wọn, ó ń gbọ̀n ọwọ́ dànù bí ẹni tí kò ka ìyìn sí, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ sinimá.

Nígbà tó dé ilé, Mahalakshmi gbé fóònù síwájú rẹ̀, ó jẹ́ kó wo ara rẹ̀ dé òpin.

"Bàbá, ọkọ mi ti rí i."

"Kí ló wí?"

"Kò wí nǹkan kan. Bàbá ọkọ mi náà ti rí i. Wọ́n pè mí. Wọ́n ní kí n má bá yín jà, pé ẹ ní ẹ̀tọ́ sí èrò yín."

Ká ní Dharmaraju bú u ni, Kondalarao ì bá mọ ibi tí yóò gbé e sí. Wọ́n ti ń bú ara wọn láti kékeré. Ṣùgbọ́n "ẹ ní ẹ̀tọ́ sí èrò yín" kì í ṣe ọ̀rọ̀ Dharmaraju. Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ti gbá lẹ́nu ni.

Ọjọ́ kejì ọdún lọ, àna rẹ̀ kò yà wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọjọ́ tí gbogbo ilé ń pa àkùkọ, tó yẹ kí ìdílé méjèèjì jọ jẹun lọ́sàn-án, Dharmaraju ránṣẹ́ pé inú ń run òun díẹ̀, kí wọ́n máa jẹ lọ. Ratnamma wà nídìí iná, ó ń din garelu, àkàrà oníhò tí wọ́n fi ń jẹ ọbẹ̀ àkùkọ. Kò gbójú sókè.

"Bàbá Lakshmi, ìjókòó wo lẹ jókòó sí nínú ilé sinimá lọ́jọ́ yẹn?"

"Ìjókòó wo bí i báwo?"

"Mo kàn ń béèrè ni. Mo wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èmi ò rí yín." Ó yí àkàrà kan padà nínú òróró. "Nílé bàbá mi, ẹni tí kò bá tọ́ ọbẹ̀ wò kì í sọ pé iyọ̀ pọ̀ níbẹ̀."

"Ṣé o máa sọ fún wọn ni?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọkọ mi lẹ jẹ́. Àmọ́ ẹ lọ wo ohun tí ẹ bú. Ó tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Kondalarao wá lọ. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀, níbi tí ọrùn ti ń dun ni nítorí pé ojú aṣọ sinimá súnmọ́ jù, ó sì tún fi aṣọ ìborùn rẹ̀ borí. Okùn ló kọ́kọ́ ń wá. Bhupati fò láti orí ọkọ̀ ojú irin lóòótọ́, Kondalarao sì rí i bí ìbàdí rẹ̀ ṣe gbọ̀n bí ìkòkò tí wọ́n ń fà jáde nínú kànga. Inú rẹ̀ dùn. Ìyá rẹ̀ inú fíìmù náà yọ, ó kéré sí i lọ́jọ́ orí lóòótọ́. Inú rẹ̀ tún dùn. Ijó dé, Bhupati dúró lójú kan, ó ń ju ọwọ́, ọmọdébìnrin náà ló ń yí i po bí eṣinṣin. Kondalarao fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo pé kí gbogbo ayé wá wò ó, pé òótọ́ lòun sọ láìrí i.

Ìsinmi ìdajì ti súnmọ́ nígbà tí àwọn ọ̀tá na Bhupati ṣubú sínú ẹrẹ̀ oko ìrẹsì. Òjò ń rọ̀. Wọ́n gbé ojú rẹ̀ súnmọ́ tòsí. Kò sí orin, kò sí ariwo. Ọkùnrin náà gbìyànjú láti dìde, kò rí i ṣe. Ó tún gbìyànjú. Ó wá fi ọwọ́ di orúnkún ara rẹ̀ mú, ọwọ́ tí iṣan ti yọ lórí rẹ̀ bí gbòǹgbò, ó tì í sókè bí ẹni ti ìlẹ̀kùn tó ti wọ́. Ìrora tó hàn lójú rẹ̀ kò jọ èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé fún un. Bhupati dìde tán, ó ká ìró rẹ̀ sókè dé itan, bó ṣe máa ń ká a láti ìgbà èwe Kondalarao, ó sì kọjú sí àwọn tó nà án.

Súfèé bẹ́. Ẹnì kan lẹ́yìn Kondalarao fà á láṣọ, ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó, a ò ríran." Ìgbà náà ló mọ̀ pé òun ti dìde. Aṣọ ìborùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jù ú yí orí ká. Omi ń dà lójú rẹ̀.

Ó jókòó. Omi ojú náà kò dá. Kì í ṣe Bhupati ló ń sunkún fún. Madhukar ni. Ìwọ náà ní orúnkún tó ń dùn ọ́, ló ń sọ fún un nínú ọkàn rẹ̀. Orúnkún dun ọkùnrin yìí, ó sì dúró. Kí ló dé tí ìwọ ò dúró? Gbogbo ọdún wọ̀nyí ló rò pé pátákó ni òun ń jowú, pé ariwo ni, pé òdòdó ọrùn àna òun ni. Àṣé dídúró náà ni. Ọkùnrin tí Dharmaraju fi ọkàn sí kò fi í sílẹ̀. Èyí tí òun fi ọkàn sí lọ ra ẹ̀fọ́ ní Amẹ́ríkà.

Nígbà tí fíìmù parí, ó jẹ́ kí àwọn èèyàn lọ tán kó tó jáde. Ibi tí wọ́n ń gbé alùpùpù sí lẹ́yìn ilé sinimá ló gbà, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n má baà rí i. Ibẹ̀ ló ti bá Dharmaraju, tó jókòó lórí alùpùpù tirẹ̀, kò yí kọ́kọ́rọ́, kò sọ̀kalẹ̀.

"Ìwọ náà tún padà wá wò ó," ni Dharmaraju wí.

Kondalarao gbọ́ "ìwọ" náà. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. "Mo rò pé inú ń run ọ́."

"Ó ń run mí." Dharmaraju ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Gbogbo ohun tí o sọ síwájú máìkì yẹn, òótọ́ ni. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń wò ó, tí mo tún ń wò ó, mò ń wá ibi tí irọ́ rẹ wà. Ìgbàkigbà tí Bhupati bá fò, ara mi ni mo fi ń gbà á sílẹ̀. Mo máa ń pariwo ju gbogbo wọn lọ, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á ní mo ti dà wọ́n. Ìwọ wá lọ síbẹ̀, o sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń ṣú. Kondal, mo jowú ẹnu rẹ."

"Ìwọ jowú èmi?"

"Kì í ṣe ẹnu nìkan. Òṣèré tìrẹ lọ nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì nà. Bí o bá dijú, o máa rí i bó ṣe wà. Èmi ò lè dijú. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi ogbó ọkùnrin yìí hàn mí, wọ́n á ní kí n fi báńgà ọdún yìn ín."

Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ nínú Kondalarao lẹ́ẹ̀kan náà. Àánú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe é. Adùn kékeré kan sì tún yọ́ wọ inú rẹ̀, pé ẹnì kan wà láyé tó ń jowú òun. Ojú ti í nítorí adùn yẹn. Bóyá ìtìjú náà ló tú ahọ́n rẹ̀.

"Dharma, èmi ò tíì rí fíìmù náà nígbà tí mo sọ̀rọ̀. Ìdí tíì ni mo wà. Mo rí òdòdó lọ́rùn rẹ, ojú mi sì pọ́n. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. Ọkùnrin náà dáa. Níbi ẹrẹ̀ yẹn, mo dìde."

Dharmaraju gbójú sókè. "O ń tù mí nínú."

"Ìgbà wo ni mo tù ọ́ nínú rí láyé wa?"

"O dìde lóòótọ́?"

"Ẹni tó jókòó lẹ́yìn mi fà mí láṣọ."

"Níbi tó ti di orúnkún mú?"

"Ṣáájú ìyẹn díẹ̀ ni. Mo rò pé ó ti gbàgbé pé wọ́n ń ya òun."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," Dharmaraju wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Lójú mi, òun fúnra rẹ̀ ló fi ìyẹn sí i. Kò sí ọ̀dọ́ olùdarí fíìmù kankan tó lè ní kó ṣe é." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí bóyá òun ló fi sí i ni tàbí wọ́n kọ ọ́ fún un, wọ́n sì ń jiyàn rẹ̀ lọ títí wọ́n fi dé ilé Kondalarao, tí Ratnamma gbé ọbẹ̀ kaná lẹ́ẹ̀kejì. Dharmaraju jẹun bí ẹni tí inú kò run rí. Ó ti padà sí "ẹ̀yin" níwájú àwọn ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì, Kondalarao wá ọmọbìnrin onímáìkì náà lọ, ó ní kó ya òun, òun ti parọ́ mọ́ fíìmù náà, òun sì fẹ́ tún un sọ. Ọmọbìnrin náà yà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Fídíò yẹn ò rìn jìnnà. Kò sẹ́ni tó ń fi ìyìn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ẹ-Fún-Un-Lága ni onígbàjámọ̀ ṣì ń pè é, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Bhupati méjì kan ò sì kí i di bí a ti ń wí yìí.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú, Dharmaraju wá bá a létí adágún pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ayọ̀ ò jẹ́ kó lè dúró sójú kan. Bhupati ti fọwọ́ sí fíìmù mìíràn. Ọ̀gá ọlọ́pàá ló máa ṣe, yóò sì gun ẹṣin.

"Ẹṣin kẹ̀," Kondalarao wí.

"Ẹṣin, àna mi. Ẹ gbà mí o, ẹ̀rù ti ń bà mí." Ṣùgbọ́n gbogbo eyín Dharmaraju ló wà níta.

Nígbà tó lọ tán, Kondalarao bu oúnjẹ edé sínú agbọ̀n, ó ń fọ́n ọn sójú omi. Owú náà gún un láyà níbi tó ti máa ń gún un, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì. Ó fọ́n oúnjẹ lọ títí dé igun adágún. "Ó dáa fún un," ó wí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó tún un wí lẹ́ẹ̀kejì. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ òótọ́.